Kílíníkì Tó Ń To Eyín Ọmọ Mi n'Ifẹ̀, Bí Wọ́n Ṣe Gbà Wá Padà Lẹ́yìn Lọ́kìdáùn

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ní wáyà lẹ́nu, tí ẹ ò tíì dá wọn padà sọ́dọ̀ dókítà látìgbà tí Kòrónà ti lé gbogbo wa wọlé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí dópin, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí. Kílíníkì tí wọ́n ti ń to eyín ọmọ mi n'Ilé-Ifẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, bí wọ́n ṣe ṣe wá nígbà tí a padà lọ, èyí tí wọ́n ṣe tó dáa àti èyí tí wọ́n ṣe tó bí mi nínú. Mi ò ní dárúkọ wọn o, torí mo ní ẹjọ́ wọn rò, àwọn tí mò ń sọ máa mọ ara wọn tí wọ́n bá kà á. Ṣùgbọ́n kí n ti là á mọ́lẹ̀ báyìí: ní ti iṣẹ́ inú ẹnu, ọwọ́ dókítà yẹn mọ́, tó bá jẹ́ òun nìkan ni mo fẹ́ fún ní máàkì, máàkì ẹ̀ pé. Àwọn tó jókòó síwájú, tó ń gbowó tó yẹ kó máa gbé fóònù, àwọn ló jẹ́ kí n yọ máàkì.

Iléṣà là ń gbé, ọjà Àtakúmọ̀sà ni mo ti ń tajà. Èèyàn á ní kí ló dé tí n kò ṣe é n'Iléṣà, nígbà tí ilé ìwòsàn Wesley Guild wà níbí tó sì jẹ́ ara OAUTHC náà, ìyẹn ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ (OAU). Ọ̀rọ̀ eyín títò yàtọ̀ ni. Dókítà tó ń yọ eyín, tó ń dí ihò eyín, ìyẹn wà, ṣùgbọ́n ẹni tó máa fi wáyà to eyín ní láti padà lọ kàwé fún ọdún mélòó kan sí i lẹ́yìn tó ti di dókítà eyín tán, wọn ò sì pọ̀ rárá, àwọn ìlú ńlá àti ibi tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ni wọ́n ń wà. Ifẹ̀ ní tiẹ̀ ti pẹ́ nídìí ọ̀rọ̀ eyín, OAU ń kọ́ àwọn dókítà eyín, ilé ìwòsàn eyín OAUTHC sì wà nínú ọgbà Yunifásítì níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wọkọ̀ lọ.

Eyín òkè ọmọ mi ló gun ara wọn, eyín ṣóńṣó méjèèjì yọ síta sókè bíi pé wọ́n fẹ́ sá kúrò lẹ́nu, ó ti di pé ó ń fọwọ́ bo ẹnu tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ní èjí o, èjí ìyá bàbá rẹ̀ gan-an, a ò sì fẹ́ kí èjí yẹn lọ. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà yìí, òun fúnra ẹ̀ ló bi wá, "Ẹ̀yin Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n pa èjí yìí dé àbí kí n fi sílẹ̀?" Ìbéèrè yẹn ló mú kí n gbà fún un, torí wáyà ò mọ èjí yàtọ̀ sí àlàfo lásán, tí dókítà ò bá pinnu láti dá a sí, gbogbo eyín ló máa fà pọ̀.

Kí Kòrónà tó dé, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà la fi ń lọ lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Àwọn rọ́bà kéékèèké aláwọ̀ tó so wáyà mọ́ bírákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú eyín kọ̀ọ̀kan, máa ń dẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, wáyà náà á ṣiṣẹ́ tiẹ̀ tán, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á gbé èyí tó le jù ú lọ síbẹ̀. Ó ń lọ dáadáa. Afi bí Gómìnà Oyetola ṣe ní kí gbogbo Ọ̀ṣun wà nílé níparí oṣù March 2020, ìgbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn 127 tó ti Côte d'Ivoire dé sí Èjìgbò lọ́tọ̀, tí àyà gbogbo wa ń já. Ọjà tì, gáréèjì tì, iléèwé tì. ASUU náà ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì nínú oṣù kan náà, àwọn tó ń gbé n'Ifẹ̀ sọ fún mi pé iwájú Campus Gate dá páropáro bí ọjọ́ orò. Kílíníkì fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ pé kò sí àpóíńtìmẹ́ǹtì mọ́ títí wọ́n á fi tún kéde. Ó tán.

Oṣù ń gorí oṣù, wáyà wà lẹ́nu ọmọ. Àgbàdo wá dé. Ẹ̀yin náà mọ bí àgbàdo Iléṣà ṣe ń rí ní oṣù kẹfà, tí wọ́n ń sun ún níwájú ilé gbogbo, kò sí bí o ṣe fẹ́ ti ọmọ mọ́lé kí òórùn yẹn má wọlé bá a. Ó ge àgbàdo mọ́ orí ẹ̀, bírákẹ́ẹ̀tì kan ṣí kúrò lára eyín, wáyà yọ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ń gún un lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò lè jẹun, kò lè sùn sápá yẹn, inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bó. Mo pe nọ́ńbà kílíníkì títí, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo ní nọ́ńbà dókítà fúnra ẹ̀ lórí WhatsApp, mo ya fọ́tò inú ẹnu ọmọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì tàn án dáadáa, mo fi ránṣẹ́ lálẹ́.

Kò pẹ́ tó fi pè. Ó ní kí n wá nail cutter tó mú, kí n fi spirit nù ún, kí n fi tíṣù di orí wáyà tó yọ mú kó má bàa já sínú ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, kí n wá gé e súnmọ́ eyín, kí ọmọ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ fọ ẹnu láàárọ̀ lálẹ́. Bírákẹ́ẹ̀tì tó ṣí, ó ní kí n má gbìyànjú láti fi gọ́ọ̀mù kankan lẹ̀ ẹ́ o, kí n jẹ́ kó wà lórí wáyà níbẹ̀, tó bá bọ́ pátápátá kí n tọ́jú ẹ̀ sínú nylon. Ó dúró lórí fóònù títí mo fi gé e tán. Kò gba kọ́bọ̀ fún ìyẹn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lọ́kàn èèyàn.

Nígbà tí wọ́n wá tú ìlú sílẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí tí mo mọ̀ ò padà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹnu ṣáà ni, èèyàn ò lè wọ ìbòmú kí wọ́n máa tún eyín rẹ̀ ṣe, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ eyín sì máa ń fọ́n omi pọ̀ mọ́ itọ́ sínú afẹ́fẹ́. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, gan-an sọ ọ́ ní 3 August 2020 pé níbi tí àrùn náà bá ti ń tàn láàárín ìlú, kí wọ́n sún ìtọ́jú eyín tí kò kánjú síwájú. Mo gbọ́ ìyẹn, ọkọ mi náà kà á fún mi. Ṣùgbọ́n wáyà tó ń gún ọmọ lẹ́nu kì í ṣe ohun tí kò kánjú, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín Amẹ́ríkà náà kà á mọ́ àwọn tó yẹ kí wọ́n tètè dá lóhùn nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún yẹn. Ẹ tún wò ó, wáyà kì í bá èèyàn ṣe lọ́kìdáùn, bí dókítà bá ń wò ó tàbí kò wò ó, ó ń ti eyín lọ ni. Èyí tí bírákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ṣí á máa yí lọ síbi tó wù ú. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju Kòrónà lọ.

Lẹ́yìn Iléyá la lọ. Ọmọ mi wà lára àwọn tó fẹ́ ṣe WAEC ọdún 2020, 4 August ni wọ́n ní kí àwọn SS3 padà sí iléèwé, ìdánwò sì máa bẹ̀rẹ̀ ní 17 August, nítorí náà a ní láti há ti eyín mọ́ àárín. Mọ́tò Ifẹ̀ ti gbówó lórí, méjì ni wọ́n ń kó sẹ́yìn dípò mẹ́ta, owó ẹni kẹta ni wọ́n pín lé wa lórí. Dẹ́rẹ́bà wa fa ìbòmú sí àgbọ̀n títí a fi dé Ọ̀ṣú, ìgbà tó rí ọlọ́pàá lọ́ọ̀ọ́kán ló fà á sókè.

Àpóíńtìmẹ́ǹtì agogo mẹ́sàn-án ni wọ́n fún wa, a dé kó tó lù. Wọ́n ti pa kánópì síta, wọ́n to àga jìnnà síra, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ wà pẹ̀lú ọṣẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ yìnbọn sí wa níwájú orí wo bí ara wa ṣe gbóná tó, wọ́n fún wa ní fọ́ọ̀mù: ṣé ẹ ń wúkọ́, ṣé ẹ rìnrìn àjò, ṣé ẹ wà pẹ̀lú ẹni tó ní in. Gbogbo ìyẹn dáa, mo yìn wọ́n. Wọ́n ní òbí kan péré sí ọmọ kan, ìyẹn náà dáa.

Ṣùgbọ́n agogo kan ọ̀sán ti kọjá kí wọ́n tó pe orúkọ wa. Òjò rọ̀, kánópì ń jò, gbogbo wa wá sún pọ̀ sójú kan tí kò jò, ibo ni jíjìnnà síra wá wà? Wọ́n ní àwọn pín àkókò fún oníkálukú kí èrò má bàa pọ̀, àṣé bíi mẹ́rin nínú wa ni wọ́n fún ní agogo mẹ́sàn-án kan náà. Mo bi obìnrin tó wà lórí tábìlì, ó ní, "Màámi, ẹ ní sùúrù, gbogbo yín lẹ máa débẹ̀." Ta ló sọ pé a ò ní débẹ̀? Bí àpóíńtìmẹ́ǹtì bá jẹ́ mẹ́sàn-án kó jẹ́ mẹ́sàn-án, pàápàá lásìkò tó jẹ́ pé jíjókòó papọ̀ gan-an la ń sá fún. Ẹjọ́ kìíní tí mo ní nìyẹn, mi ò sì ní kó o nílẹ̀ nítorí pé dókítà wọn mọṣẹ́.

Ó dáa, inú yàrá wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀. Wíńdò ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n pa AC. Dókítà wọ aṣọ tó bò ó látòkè délẹ̀, ìbòmú méjì, gíláàsì ìbòjú ní iwájú ẹ̀, ohùn ni mo fi dá a mọ̀. Ó kọ́kọ́ ní kí ọmọ fi oògùn kan yọ ẹnu, kó gbà á káàkiri ẹnu kó tó tu ú, ó ní ó máa dín kòkòrò inú itọ́ kù. Lẹ́yìn náà kò fọwọ́ kan wáyà o. Ó wò ó. Ó ka eyín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń pè é fún nọ́ọ̀sì tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi díńgí kékeré wo ẹ̀yìn, ó gbé fọ́tò tó yà kí lọ́kìdáùn tó dé jáde lórí fóònù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọmọ, ó ní kí èmi náà wá wò ó.

Eyín tí bírákẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ṣí ti yí, ó ti kọ ẹ̀gbẹ́ sí ẹnìkejì ẹ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì mìíràn ń mì tí àwa ò mọ̀. Rọ́bà ti pọ́n, òmíràn ti já. Erìgì wú lápá ìsàlẹ̀. Ó sì fi ìka tọ́ka sí àmì funfun kékeré méjì létí bírákẹ́ẹ̀tì, ó ní eyín tó ti fẹ́ máa bàjẹ́ nìyẹn, oúnjẹ tó há síbẹ̀ tí búrọ́ọ̀ṣì ò dé ló fà á, pé kò tíì di ihò, pé tí a bá tètè mú un pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride kò ní di ihò. Èjí wá ńkọ́? Mo ti ń wá ọ̀nà láti bèèrè. Ó mú rúlà tín-ín-rín kan báyìí, ó gbé e sí àárín eyín iwájú méjèèjì, ó wo fáìlì, ó ní, "Ó wà níbẹ̀, Mọ́mì, kò kúrò." Mo ṣe "Ọlọ́run ṣeun" sókè.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa nìyí. Mo rò pé ó máa fa wáyà le gan-an kó lè fi dí gbogbo oṣù tó ti lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ló tún padà sí, ó bọ́ wáyà tó nípọn, ó gbé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ síbẹ̀. Ó ní eyín tó ti yí ò ní lè gba wáyà tó le, bí òun bá fipá fà á, gbòǹgbò eyín ló máa jìyà ẹ̀, gbòǹgbò tó bá sì ti jẹ dànù kì í hù padà. Ó ní ká gbà pé àkókò ti fẹ̀ sí i, pé eyín títò tó ń gba bí ọdún kan àbọ̀ sí ọdún méjì, ti ọmọ wa máa kọjá bẹ́ẹ̀. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, kò fi dídùn ẹnu bò ó, kò sì dá ọmọ lẹ́bi. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju bó ṣe máa ṣèlérí Kérésìmesì fún mi lọ.

Ìgbà tó wá fẹ́ lẹ bírákẹ́ẹ̀tì padà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mò ń wò. Ó ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò, ó fi òwú gbẹ eyín, ó fi oògùn búlúù kan bíi jẹ́ẹ̀lì tọ́ ọ lójú, ó dúró, wọ́n fi omi díẹ̀ ṣan án tí ẹ̀rọ ń fa omi yẹn lọ lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, eyín wá funfun láìdán bí ẹfun. Ìgbà yẹn ló ní ó ti ṣe tán. Ó gbé bírákẹ́ẹ̀tì sí i, ó fi nǹkan ẹlẹ́nu ṣóńṣó tì í wò lápá ọ̀tún, lápá òsì, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, kó tó tan iná búlúù sí i. Mo bi í pé ṣé ìyẹn náà kọ́ ló ń fọ́n itọ́ káàkiri, ó ní ìpààrọ̀ wáyà kì í fọ́n nǹkan, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá fẹ́ lo ẹ̀rọ ìlọ̀ fún láti tú gbogbo wáyà kúrò, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń fi tirẹ̀ sí, kí yàrá lè gba atẹ́gùn lẹ́yìn ẹ̀ kí ẹlòmíràn tó wọlé. Ẹni tó ronú débẹ̀, mo lè fọmọ mi sílẹ̀ fún un.

Òun náà ló bi ọmọ pé ọjọ́ wo ni ó máa bẹ̀rẹ̀ WAEC. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ wáyà ni eyín máa ń dùn jù, ó ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ó ní ìrora á ti lọ kó tó wọ gbọ̀ngàn, pé àpóíńtìmẹ́ǹtì tó kàn á di lẹ́yìn ìdánwò. Èmi ìyá ẹ̀ ò tíì ronú kan ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká dé ìdí owó báyìí, torí ọmọ Òṣómàáló ni mí, mi ò kí ń dákẹ́ nídìí owó. Nígbà tí a fẹ́ sanwó, mo rí owó kan lórí risíìtì tí n kò mọ̀ rí, wọ́n kọ PPE síwájú ẹ̀. Mo ní kí lèyí, wọ́n ní owó ibọ̀wọ́, ìbòmú àti aṣọ tí dókítà wọ̀ ni. Mo mọ̀ pé nǹkan wọ̀nyẹn gbówó lórí, páálí ibọ̀wọ́ kan lásìkò yẹn ẹ̀rù ni, mi ò sì ní kí wọ́n fi owó ara wọn tọ́jú ọmọ mi. Ẹjọ́ mi ni pé kò sẹ́ni tó sọ fún wa. Ọjà tì fún oṣù púpọ̀, owó tí mo mú wá, mo ti kà á mọ́ owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀. Obìnrin kan tó wà lẹ́yìn mi láti Mọdákẹ́kẹ́, ọmọ ẹ̀ méjì ló ní wáyà, owó ẹ̀ ò pé, ó ní láti fi ọmọ kan sílẹ̀ láìpààrọ̀ tiẹ̀. Ìyẹn dùn mí gan-an. Mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí wọ́n fi pè wá padà, kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò fi ìlà kan péré kún un? Mo sọ ọ́ fún dókítà lójú wọn. Ìgbà tí a fi tún padà lọ, wọ́n ti lẹ iye ẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Kò tó, torí ẹnu ọ̀nà ti pẹ́ jù fún ẹni tó ti Iléṣà wá, ṣùgbọ́n ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì kan tún wà níbẹ̀ tó jágbe mọ́ ọmọ mi, ó ní, "Ṣé o kì í fọ eyín ni?" lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ tó ń fọwọ́ bo ẹnu tẹ́lẹ̀! Dókítà ló gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan, èyí tó dà bí igi ìkọ́yín tó nírun, ó kọ́ ọ bó ṣe máa kì í bọ abẹ́ wáyà láàárín bírákẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ó ní kó ṣe é fún òun rí, ó ṣe é. Látọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń rán an létí. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀wọ́, bí ọmọ bá ti oṣù mélòó kan wá pẹ̀lú erìgì wíwú, ẹ kọ́ ọ, ẹ má dójú tì í.

A ti lọ níye ìgbà lẹ́yìn ìyẹn. Eyín tó yí ti ń padà sójú ọ̀nà, erìgì ti fọn, àmì funfun yẹn ò tíì lọ ṣùgbọ́n kò gbòòrò sí i. Fóònù iwájú ò tíì yí padà o, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò lórí ẹ̀. Ẹ bèèrè nọ́ńbà WhatsApp kílíníkì lọ́jọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáhùn. Tí ẹ bá fẹ́ padà lẹ́yìn tó ti pẹ́, ẹ ya fọ́tò eyín ọmọ níwájú, lápá méjèèjì, ẹ fi ránṣẹ́ ṣáájú, kí ẹ sì sọ bí bírákẹ́ẹ̀tì bá ti ṣí, torí ẹni tí wọ́n máa lẹ tiẹ̀ padà máa ń pẹ́ lórí àga ju ẹni tí wọ́n kàn máa pààrọ̀ rọ́bà fún lọ, wọ́n á lè fún yín ní àkókò tó tó. Ẹ bèèrè iye gbogbo owó kí ẹ tó wọ mọ́tò, PPE àti ti bírákẹ́ẹ̀tì tuntun tó bá sọnù. Tiwa ò sọnù, mo tọ́jú ẹ̀ sínú nylon bó ṣe wí.

Ìgbà tí a lọ kẹ́yìn mo bi wọ́n ní owó ritẹ́nà, ìyẹn èyí tí ọmọ máa fi sẹ́nu lẹ́yìn tí wọ́n bá tú wáyà kí eyín má bàa rìn padà síbi tó ti wá. Wọ́n kọ iye ẹ̀ sẹ́yìn kádì wa, wọ́n buwọ́ lù ú, wọ́n ní kò ní yí padà títí a fi máa tú u. Mo ti ya kádì náà ní fọ́tò.